Wáràńtì Kẹ̀kẹ́ Bàbá Mi

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí ó ti sú mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ra kẹ̀kẹ́ tuntun fún bàbá mi, torí dókítà ní kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá. Láàárọ̀ yìí, wọ́n ń gùn ún lọ jẹ́jẹ́ ládùúgbò wa ní Festac, ni irin ọrùn kẹ̀kẹ́ náà bá kán. Bàbá àgbàlagbà dojú bolẹ̀. Àgbọ̀n wọn bó, ètè wọn wú.

Mo gbé kẹ̀kẹ́ náà padà sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á ní Mile 2. Mo fa káàdì wáràńtì yọ. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n kọ síbẹ̀, pé bó bá bàjẹ́ kó tó pé bẹ́ẹ̀, wọ́n á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ní, "Àǹtí, èmi kọ́ ni mo ṣe kẹ̀kẹ́. Àwọn tó ṣe é ló fún yín ní wáràńtì."

Mo ní, "Níbo ni wọ́n wà?"

Ó yí káàdì náà padà. Àdírẹ́sì Ṣáínà ló wà lẹ́yìn rẹ̀, èdè Ṣáínà ni wọ́n sì fi kọ ọ́.

Ó ní, "Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn."

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn. Mo bá gbé kẹ̀kẹ́ mi wálé.

Bàbá ní kí n má da ara mi láàmú, pé wẹ́dà kan wà ní Alákijà tó máa bá wọn jó irin náà pọ̀. Wọ́n ti ń wá bàtà wọn báyìí.

Ta ló ti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí wáràńtì rí nínú yín? Ọ̀dọ̀ ta lẹ lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn kí bàbá tó jáde.