Ìjà Bàbá Adìyẹ àti Alátùúnṣe

Tíṣà ní búlọ́ọ̀gì mẹ́rin, òwò mẹ́ta, ìyàwó kan àti tábìlì kan ṣoṣo. Orí tábìlì yìí ni ìdílé náà ti ń jẹun, orí ẹ̀ ni Tíṣà ti ń kọ̀wé, orí ẹ̀ náà ni ìyàwó ẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, máa ń tẹ́ aṣọ sí bó bá fẹ́ gé e. Nítorí náà, láàárọ̀ Sátidé, ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ni tábìlì. Tíṣà kì í sábà kọ́kọ́ jí. Bẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ ó bá a ní ìkangun yàrá, tó gbé kọ̀ǹpútà lé orí itan, tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan tí wọn ò tíì rán tán sì fì sí i léjìká, tó ń kọ́ aráyé bí wọ́n ṣe ń ṣètò ilé.

Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń kọ́ni níléèwé, àìsàn iṣẹ́ náà sì ti wọ̀ ọ́ lára. Kò sí ìwé tó lè kọjá níwájú ẹ̀ kó má fi bírò pupa kàn án. Nígbà tí onílé kọ lẹ́tà sí i, ó tún lẹ́tà náà ṣe, ó fún un ní máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá, ó sì dá a padà. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ títí, ó ń ka àṣìṣe tó wà lára pátákó, àfìgbà tí onígbàjámọ̀ yọjú, tó ní, “Tíṣà, irun lẹ wá gẹ̀ ni àbí pátákó mi?”

Ọmọbìnrin ẹ̀, tó ti wà nílé ọkọ báyìí, ló ṣí búlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́ fún un. Ó ní, “Dádì, ẹ máa tún tayé ṣe níbẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ ká simi.” Alátùúnṣe ni Tíṣà pe ara ẹ̀ lórí ibẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ ni láti mú irọ́ táwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù, kó fi bírò pupa là á já, kó sì kọ òótọ́ sábẹ́ ẹ̀.

Ká ní ó dúró síbẹ̀, ìtàn yìí ì bá má sí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Tíṣà yá. Ó ṣí èkejì, níbi tó ti ń jẹ́ Ẹ̀gbọ́n Ilé, tó ń gba tọkọtaya nímọ̀ràn. Ó ṣí ẹ̀kẹta lórí ìtọ́jú aṣọ, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé ìfọṣọ sílẹ̀ nígbà náà. Ilé ìfọṣọ náà kógbá sílé lọ́jọ́ tí aṣọ funfun oníbàárà kan jáde nínú omi tó dà bí ojú sánmà. Búlọ́ọ̀gì ẹ̀ kò kógbá sílé ní tiẹ̀, ó ṣì ń kọ́ àwọn èèyàn títí dòní bí aṣọ funfun ṣe lè funfun títí. Ẹ̀kẹrin ni Bàbá Adìyẹ, tó ń sọ nípa adìyẹ sísìn lẹ́yìnkùlé.

Yàtọ̀ sáwọn ará ilé ẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹnì kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tíṣà ní òun fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ torí pé àwọn èèyàn ò ní gbà pé ẹnì kan ṣoṣo lè mọ gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Ìyàwó ẹ̀ ní òun náà ò gbà.

Ẹnì kan wà nínú ilé náà tí gbogbo rẹ̀ ò wú lórí. Ìyá Tíṣà ni, tó ń gbé yàrá kékeré tó wà lọ́nà ilé ìdáná. Lójú Màmá, ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ìwé. Gbogbo ìgbà tí Tíṣà bá ti parí àròkọ kan, tó bá ń yan kiri inú ilé bí ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ, Màmá á pè é.

“O ti kọ ọ́ tán?”

“Mo ti kọ ọ́ tán, Màmá.”

“Èyí tí mo lè fọwọ́ gbé ńkọ́?”

Tíṣà á rọra padà sídìí kọ̀ǹpútà ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí obìnrin kan tó ni ilé ìtẹ̀wé kọ̀wé sí Bàbá Adìyẹ, tó ní òun fẹ́ kó àwọn àròkọ ẹ̀ jọ kóun tẹ̀ wọ́n ní ìwé, kí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an sì wà lẹ́yìn ìwé náà gàdàgbà, Màmá ló kọ́kọ́ sọ fún kó tó sọ fún ìyàwó ẹ̀. Màmá gbọ́ ọ tán. Ó dìde, ó gbé rédíò ẹ̀ kúrò lórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e sílẹ̀, ó sì nu orí àpótí náà. Àyè ìwé nìyẹn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni rédíò fi wà nílẹ̀, tí Màmá ń bẹ̀rẹ̀ kó tó lè yí i.

Ìwé ti wà lọ́dọ̀ atẹ̀wé, ojú ewé méjìléláàádọ́fà, nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn tó ń ka Alátùúnṣe fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí i. Kò sọ ibi tó ti rí i. Ó kàn bi í pé ṣé òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà kà báyìí: “Kẹ́ ẹ tó gbé ẹyin fún adìyẹ tó fẹ́ sàba, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ìdọ̀tí má bàa ṣe ọmọ inú ẹ̀ léṣe.”

Tíṣà fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ti ń sin adìyẹ láti ọdún mẹ́rin. Ó mọ̀ pé nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lára èèpo ẹyin tí kì í jẹ́ kí àrùn wọlé, pé ẹni tó bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún àrùn nìyẹn. Ó jókòó, kò sì dìde títí ó fi kọ ọ́ tán. Lára ohun tó kọ ni pé, “Ẹni tó kọ èyí kò fojú kan adìyẹ rí àfi nínú ọbẹ̀. Kò jọ pé adìyẹ ló ń sìn. Ó jọ pé ọṣẹ ló ń tà.” Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí dùn mọ́ ọn débi pé ó kà á sókè fún ìyàwó ẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde kó tó di ọ̀sán.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, ẹnì kan ti kọ̀wé sábẹ́ ẹ̀: “Alátùúnṣe, ẹ ṣé o. A ti rí ẹni tó kọ ọ́. Bàbá Adìyẹ ni, ọdún kẹfà rèé.”

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu ẹ̀. Ó wá a lọ sórí búlọ́ọ̀gì Bàbá Adìyẹ, ó sì bá a. Ọwọ́ ẹ̀ ni, àmì ìdánudúró ẹ̀ ni, gbogbo ẹ̀ pé. Ìlà tó gbẹ̀yìn sì ni: “Ọṣẹ tó dára jù fún iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ mi.”

Ìgbà yẹn ló wá rántí. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, kò ní adìyẹ kankan. Ohun tó ní ni páálí ọṣẹ mẹ́ta lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, tí ẹnikẹ́ni ò rà. Ó ṣí búlọ́ọ̀gì adìyẹ kó tó ra adìyẹ, nítorí kó lè rí ọ̀nà ta ọṣẹ.

Ẹni tó bá ní làákàyè á yọ àròkọ méjèèjì kúrò wẹ́rẹ́. Tíṣà fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti na ìka. Ṣùgbọ́n ó ṣèèṣì tún ka ibi tí Alátùúnṣe ti sọ pé “àfi nínú ọbẹ̀,” ó sì dùn ún. Ó dùn ún wọra! Adìyẹ mẹ́rìnlá ló wà lẹ́yìnkùlé ẹ̀ báyìí. Bàbá Adìyẹ bá fèsì: “Alátùúnṣe, ìwọ tí o ò ní ju bírò lọ, wá wo àgò adìyẹ mi.” Alátùúnṣe ò lè gbọ́ irú ìyẹn kó dákẹ́. Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tíṣà á bú ara ẹ̀ láàárọ̀ kó tó lọ síléèwé, á sì dá ara ẹ̀ lóhùn tó bá dé. Àwọn tó ń kà wọ́n pín sí méjì. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ò wá sórí búlọ́ọ̀gì Tíṣà rí láyé. Obìnrin kan tiẹ̀ kọ̀wé sí Ẹ̀gbọ́n Ilé, ó ní kó jọ̀ọ́ bá wọn pẹ̀tù sí i. Ẹ̀gbọ́n Ilé ní kí àwọn méjèèjì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wọn. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn nínú wọn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni fóònù dún. Obìnrin onílé ìtẹ̀wé ni.

“Bàbá Adìyẹ, mo ti ka gbogbo ohun tí Alátùúnṣe yẹn kọ. Mo ti ní kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró.”

“Ẹ̀rọ kẹ̀, Mà?”

“Ẹ̀rọ. Mi ò lè fi orúkọ ilé iṣẹ́ mi sára ìwé tó ń kọ́ni ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Ọjọ́bọ̀, aago méjì, ẹ̀yin méjèèjì, ní ọ́fíìsì mi. Ẹni tó bá jàre lójú mi lá jàre. Ẹ bá mi sọ fún un.”

Ìyàwó Tíṣà ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, kò sì gbójú sókè.

“Bàbá wọn, ẹ ti bára yín délé ẹjọ́.”

“Ìyá wọn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Mò ń rò ó pé àbúrò ẹ...”

“Èwo nínú wọn?”

“Èyí tó ń lẹ táyà. Ó lè wọ kóòtù àti táì mi, kó jókòó, kó máa mi orí. Á ní òun ni Alátùúnṣe.”

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. “Tí wọ́n bá bi í ní nǹkan nípa adìyẹ ńkọ́? Á ní kí wọ́n gbé e wá kóun fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i!” Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Ẹ lọ sọ òótọ́ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n Ilé ló sọ pé kí ọkọ máa gba ẹ̀bi ẹ̀. Òun náà ló sọ pé kí ọkọ máa fọ abọ́ ní Sátidé, mi ò tíì rí ìyẹn náà o.”

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, bí Tíṣà ṣe fẹ́ jáde, Màmá pè é láti inú yàrá. “Ṣé ìwé yẹn lò ń lọ gbé bọ̀?” Tíṣà ní òun ń lọ wò ó. Rédíò ń sọ̀rọ̀ nílẹ̀.

Ọ́fíìsì náà kéré. Bébà kún ibẹ̀ dé àjà, òórùn yíǹkì sì gba inú ẹ̀ kan. Obìnrin náà, gíláàsì méjì ló ní, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí. Ó ti to àga méjì síwájú tábìlì ẹ̀. Tíṣà jókòó lórí ọ̀kan.

“Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹnì kejì yín ńkọ́?”

“Ó ti dé, Mà.”

Obìnrin náà wo ẹnu ọ̀nà. Kò rí ẹnì kankan. Ó tún wo Tíṣà. Tíṣà dìde lórí àga àkọ́kọ́, ó tún táì ẹ̀ ṣe, ó sì jókòó sórí èkejì.

“Ẹ káàsán, Mà,” ló wí.

Gíláàsì orí obìnrin náà já bọ́ sójú, méjì pàdé. Ó wá kígbe pe ọkùnrin tó ń yí ẹ̀rọ: “Ẹ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ẹ wá wo nǹkan!” Ọkùnrin náà wá, wọ́n ròyìn fún un, ó sì ní kí Tíṣà jọ̀ọ́ tún bọ́ sórí àga àkọ́kọ́ padà kóun náà rí i.

Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, obìnrin náà nu ojú. “Ó dáa. Ẹ máa dá mi lóhùn bí olùkọ́. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló jàre?”

Tíṣà mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bó bá ní Bàbá Adìyẹ ló jàre, ìjà ti parí nìyẹn, ẹ̀rọ á sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Orí àpótí tí Màmá ti nù sílẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi bírò pupa fún onílé ní máàkì mẹ́rin kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi máàkì ta èèyàn lọ́rẹ.

“Alátùúnṣe ló jàre, Mà. Nígbà tí mo kọ ọ́, mi ò ní adìyẹ. Ọṣẹ ni mo ní.”

Obìnrin náà mi orí. Ó fa ìdì bébà yọ, ojú ewé méjìléláàádọ́fà, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́. “Ẹ gbé e fún Alátùúnṣe. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹ̀, òun ni mo máa tẹ̀.”

Tíṣà rò pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló máa gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà á. Ojú ewé tó sọ nípa ẹyin fífọ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni èyí tó ní kí wọ́n máa kọrin fún adìyẹ kó lè yé ẹyin ńlá. Lẹ́yìn ìyẹn, odindi orí ìwé kan lórí oúnjẹ òròmọdìyẹ, tó kọ lọ́jọ́ tí ilé ìfọṣọ ń dà á láàmú, tí ìdajì ẹ̀ sì jẹ́ nípa aṣọ. Ó ń gé e, ó sì ń bínú sí Bàbá Adìyẹ. Kò mọ̀ pé ọkùnrin náà lè parọ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó parí, ojú ewé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kù.

Ìwé náà tinrín nígbà tó dé. Tíṣà gbé ẹyọ kan wọ yàrá Màmá, ó fi lé e lọ́wọ́. Màmá gbé e sókè, ó gbé e sílẹ̀, ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́ bí ẹni tó ń ra nǹkan.

“Ó fúyẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Gbogbo ọdún tó o fi ń kọ̀wé náà nìyí?”

“Èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú ẹ̀ nìyẹn, Màmá.”

Màmá fọwọ́ ra orúkọ ọmọ ẹ̀ lẹ́yìn ìwé náà, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó ṣí i. Ibi tó ṣí i sí ni ojú ewé kẹsàn-án, Tíṣà sì ń wò ó láti orí èjìká ẹ̀. Ìlà kejì. Wọ́n ti gbàgbé àmì ìdánudúró kan níbẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ lọ sápò fúnra ẹ̀, ó fa bírò pupa yọ, ó na ọwọ́.

Màmá gbá ọwọ́ náà dànù.

“Ìwé mi nìyí,” ló wí. “Má kọ nǹkan kan sí i.” Ó pa á dé, ó gbé e sórí àpótí, ó tún un gbé kó lè dúró dáadáa. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí rédíò tó wà nílẹ̀, ó ní kí Tíṣà bá òun wá ibòmíì gbé e sí.