Obìnrin Tí Kò Ní Aláìsàn

Ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́rú àti Sátidé, àwọn aládùúgbò ní Ọ̀bà-Ilé máa ń rí Yéwándé Oríọlá tó ń fi báàgì wúwo kọ́ èjìká jáde nílé. Ẹ̀kọ gbígbóná wà nínú fúláàsì, mọ́ínmọ́ín eléwé wà nínú abọ́, ọṣẹ àti kànìnkànìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn àkísà ìró tó ti fà ya, tó fọ̀, tó sì sá gbẹ. Ọsibítù ìjọba kan nínú ìlú Àkúrẹ́ ló ń lọ. Ara tirẹ̀ yá, kò sì ní ẹbí kankan tó dùbúlẹ̀ níbẹ̀.

Bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì bá bi í pé, "Màmá, ta lẹ wá wò?" á dáhùn pé, "Ẹni tí kò rí ẹni wò ó."

Àwọn tó jẹ́ tuntun lẹ́nu iṣẹ́ a máa rò pé orí rẹ̀ kò pé. Àwọn tó ti pẹ́ a kàn ṣílẹ̀kùn fún un.

Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Yéwándé kó tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ bíbí ìlú Oǹdó ni, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀, nítorí Reuben ọkọ rẹ̀ tó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká. Ọmọ méjì ni wọ́n bí, Adédèjì àti Moyinolúwa. Ìyá Dèjì ni gbogbo ènìyàn ń pè é nígbà náà.

Lọ́dún tí Dèjì ń ṣe àgùnbánirọ̀ lókè ọya, ọkọ̀ tó wọ̀ dojú dé. Kí àwọn òbí rẹ̀ tó rin ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn náà dé ọsibítù tí wọ́n gbé e lọ, ọmọ ti kú. Ohun tí Yéwándé retí ni pé òun yóò bá a nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹrùpẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti wẹ ojú rẹ̀, wọ́n ti ya irun rẹ̀, aṣọ funfun kan tí kì í ṣe tirẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ṣàlàyé pé obìnrin kan tó wá tọ́jú ọmọ tirẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù náà ló jókòó tì í, òun ló ń fi ṣíbí bu omi sí i lẹ́nu títí ẹ̀mí fi bọ́. Nígbà tí Yéwándé bèèrè obìnrin náà, wọ́n ní ó ti gba ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Yéwándé ránṣẹ́ títí, ó tilẹ̀ tún padà lọ lẹ́ẹ̀kan, kò rí i.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ènìyàn kò pè é ní Ìyá Dèjì mọ́. Wọ́n yí i padà sí Ìyá Moyin, wọn kò sọ fún un, wọn kò bi í. Reuben náà yí i padà. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ Dèjì nínú ilé yẹn. Ìgbà tí Yéwándé sì fẹ̀yìn tì, tí Moyin lọ sílé ọkọ ní Ìbàdàn, ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé báàgì lọ sí ọsibítù.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dún, ó bá bàbá arúgbó kan lórí ibùsùn tó wà ní igun wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Ọ̀kadà ló gbá a nítòsí ọjà, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, ọlọ́kadà náà sì sá lọ. Àwọn tó gbé e wá já a sílẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Kò ní fóònù, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Yéwándé kí i, ó ṣí fúláàsì, ó bu ẹ̀kọ sínú ife.

Bàbá náà wò ó látòkè délẹ̀. "Ta ló rán ọ wá?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, bàbá."

"Irọ́ ni. Ènìyàn kì í ṣe nǹkan lásán. Kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

"Mo fẹ́ kí ẹ gbé ẹ̀kọ yìí mì."

Ó gbà á sẹ́nu, ó sì tu ú sí i láyà. Yéwándé nu búláòsì rẹ̀, ó tún bu òmíràn.

Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀, tó ń pín oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mi orí. "Mọ́mì, ẹ fi bàbá yìí sílẹ̀. Àwa tí ìjọba ń sanwó fún, ó ti bú wa dé ìran kẹta."

"Ebi ló ń bú yín, ọmọ mi," ni Yéwándé wí. "Kì í ṣe òun."

Bẹ́ẹ̀ ló rò nígbà náà.

Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ń wẹ bàbá náà, ó ń yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa bó tán, ó ń fọ aṣọ tó bá yàgbẹ́ sí. Kò gbọ́ "o ṣé" lẹ́nu rẹ̀ rí. Bí ẹ̀kọ bá gbóná díẹ̀, bàbá á ní ó fẹ́ jó òun lẹ́nu. Bí ó bá tutù, á ní àjẹkù ló gbé wá. Ṣùgbọ́n Yéwándé ti ṣàkíyèsí pé bí inú bá bí i, èdè Oǹdó ló fi ń bú ènìyàn. Lọ́jọ́ kan, ó fi èdè náà dá a lóhùn. Bàbá dákẹ́ lójijì, ó wá bi í pé ọmọ agbo ilé wo ni. Ó sọ fún un. Lẹ́yìn èyí ló tó jẹ́wọ́ pé Rufus lorúkọ òun, àti pé Òdòjọ̀mù ni ilé òun wà ní Oǹdó.

"Ṣé ẹ lọ́mọ, bàbá?"

Rufus di ojú rẹ̀ bí ẹni tí oorun gbé lọ.

Dókítà ti ní kí wọ́n wá ẹbí rẹ̀ kàn, nítorí àìsàn náà kò lọ síbi tó dáa. Yéwándé wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Ó bá ilé náà, koríko ti bo ẹnu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ ti dípẹtà. Obìnrin kan ní òdìkejì títì júwe ilé Monílọ́lá, ọmọbìnrin bàbá náà, fún un.

Ó bá Monílọ́lá níwájú ilé rẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo. Obìnrin tó ti tó ọmọ ogójì ọdún ó lé díẹ̀ ni, ojú rẹ̀ sì jọ ti bàbá rẹ̀ gan-an. Yéwándé kí i, ó sọ orúkọ ara rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ló gbé òun wá.

Ọwọ́ Monílọ́lá dúró nínú ẹ̀wà. "Ó ti kú ni?"

"Rárá o. Ó wà láyé. Ọsibítù ló wà ní Àkúrẹ́."

"Kí wá lẹ bá wá, mà?"

Yéwándé ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un: ọ̀kadà, ìbàdí, ẹ̀yìn tó ń bó. Monílọ́lá gbọ́ ọ dópin láìgbé ojú sókè. Lẹ́yìn náà ló gbé àwo sílẹ̀.

"Jẹjẹrẹ ọmú ló pa ìyá mi," ló wí. "Nígbà tó di egbò, bàbá tí ẹ ń fún ní ẹ̀kọ yẹn kó ẹrù rẹ̀ síta. Ó ní òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí òun lè jẹun nínú ilé òun. Nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá mi kú sí. Mi ò tíì jáde ìwé mẹ́wàá, èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́. Mo ránṣẹ́ sí bàbá kó kàn wá fojú kan ìyàwó rẹ̀. Kò yọjú." Ó wo Yéwándé tààrà. "Ẹ̀yin lẹ ń fọ egbò rẹ̀ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe ń rùn?"

Monílọ́lá bu omi fún un nínú ife, bí ó ti yẹ kí a ṣe fún àlejò, ṣùgbọ́n Yéwándé gbé ife náà sílẹ̀ láìmu ún.

"Bí ó bá kú, ẹ jẹ́ ká gbọ́," ni Monílọ́lá wí nígbà tó ń sìn ín jáde. "A óò sin ín, kí ayé má bàa bú wa."

Nígbà tí Yéwándé délé, ó ro ọ̀rọ̀ náà fún ọkọ rẹ̀. Reuben tẹ́tí sílẹ̀, ó ní, "Ó ti tó wàyí, Ìyá Moyin. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ṣubú ló yẹ ká gbé dìde. Ẹni yẹn ń jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni."

Yéwándé kò jiyàn. Lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé e, kò re ọsibítù. Ó jókòó sí ilé ìdáná, inú ń bí i. Ọmọ tirẹ̀ tí kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi, àjèjì ló bá a ṣe ìwọ̀nba wákàtí tó kù fún un láyé. Ọkùnrin yìí tó lé olókùnrùn síta, òun wá ni Yéwándé fi ọwọ́ ara rẹ̀ ń wẹ̀ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ó sunkún díẹ̀. Ó tún ronú nípa Monílọ́lá, ọmọdébìnrin tó ń dá wẹ ìyá rẹ̀ nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì rí i pé bí òun ṣe ń lọ sí ọsibítù yẹn lè jẹ́ àfojúdi sí ọmọ náà.

Nígbà tó di Sátidé, ó gbé omi kaná, ó ro ẹ̀kọ. Reuben dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò ó.

"O tún ń lọ?"

"Obìnrin tó wẹ Dèjì," ni Yéwándé wí, láìwẹ̀yìn, "kò bi í léèrè irú ènìyàn tó jẹ́."

Orúkọ yẹn bọ́ sínú ilé bí ìgbà tí àwo bọ́ sílẹ̀. Reuben dúró títí. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ di báàgì tán, ó gbé e fún un dé ibi tí yóò ti wọ takisí.

Rufus ti rù sí i. Aṣọ ibùsùn rẹ̀ rí bákan, ẹṣinṣin sì ń bà á lójú.

"O ò wá lọ́jọ́rú," ló wí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

Yéwándé bọ́ ẹ̀wù lára rẹ̀, ó fi kànìnkànìn kan omi. Ó ti pinnu pé òun kò ní sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jáde. "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ lé ìyá Monílọ́lá síta?"

Bàbá arúgbó náà kọjú sí ògiri. "Òórùn náà ni mi ò lè fara dà," ló wí, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò gbọ̀n. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní, "Ṣé èmi náà ń rùn?"

"Ẹ ń rùn, bàbá. Ẹ yí díẹ̀, kí ọwọ́ mi lè tó ẹ̀yìn yín."

Ó yí. Yéwándé wẹ̀ ẹ́. Bàbá kò bú u lọ́jọ́ náà, kò sì dúpẹ́. Láti ọjọ́ yẹn títí ó fi kú, kò tún sọ ju pé kó fún òun lómi tàbí kó gbé ìrọ̀rí sókè. Nígbà mìíràn, bí Yéwándé bá ń wẹ̀ ẹ́, á fi ọwọ́ di imú ara rẹ̀, omi á sì máa jáde lójú rẹ̀. Yéwándé kò bi í léèrè ohun tó ń pa á lẹ́kún. Ó kàn ń bá iṣẹ́ lọ.

Yéwándé kò sí níbẹ̀ nígbà tí bàbá náà kú. Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀ ló pè é, Yéwándé sì pe Monílọ́lá.

Ìsìnkú náà ní Oǹdó kò ní ariwo nínú. Àlùfáà gbàdúrà kíákíá nítorí òjò ń rọ̀, àwọn ìbátan díẹ̀ dúró lábẹ́ agboòrùn. Yéwándé dúró lẹ́yìn wọn. Nígbà tí wọ́n ń kó yẹ̀pẹ̀ bò ó, Monílọ́lá rìn wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ rí i gbẹ̀yìn. Ṣé ó dárúkọ ìyá mi?"

Yéwándé mọ̀ pé irọ́ kékeré kan tó láti fi tu ọmọ náà nínú. Kò sì sẹ́ni tí yóò já a. Ó wo ojú rẹ̀, ojú tó jọ ti òkú náà.

"Kò dárúkọ wọn," ló wí. "Mo bi í, ó sì mọ ohun tó ṣe. Ó sunkún. Ṣùgbọ́n kò tọrọ àforíjì létí mi, n kò lè sọ fún yín pé ó tọrọ rẹ̀."

Monílọ́lá mi orí. "Ó dáa. Láti àárọ̀ ni gbogbo àwọn wọ̀nyí ti ń sọ fún mi pé ó jẹ́ bàbá rere."

Ó yí padà lọ sábẹ́ agboòrùn àwọn ẹbí rẹ̀. Kò sọ pé ẹ ṣé, kò sọ pé ẹ wá jẹun. Yéwándé wá ọ̀nà ara rẹ̀ dé garéèjì nínú òjò, aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára títí ó fi dé Àkúrẹ́. Ó ṣàìsàn lẹ́yìn rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, ó ń dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kó jáde, kò sì dá a lójú pé òun yóò tún lọ mọ́.

Ó tún lọ. Orúnkún ń dùn ún báyìí, Reuben ló ń bá a gbé báàgì dé ẹnu géètì, òun fúnra rẹ̀ kì í wọlé. Àwọn kan nínú àwọn tó ń tọ́jú ń kú. Àwọn tí ara wọn yá a máa bá tiwọn lọ.

Láìpẹ́ yìí, ó ń dúró de takisí ní Alágbàká nígbà tó rí ọkùnrin kan tí òun ti bọ́ ní ọsibítù fún oṣù bíi mélòó kan nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Ọkùnrin náà wò ó, kò dá a mọ̀. Bí ọkọ̀ ṣe dúró, ó yára kọjá níwájú rẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Yéwándé wọ ẹ̀yìn, òun àti àwọn méjì mìíràn fún mọ́ra wọn. Nígbà tí ọkùnrin náà sọ̀ ní ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé, Yéwándé tẹ̀ sẹ́bàá fèrèsé, ó ń wo ìrìn rẹ̀ bó ṣe ń sọdá títì. Kò tiro rárá.