Èènì Tí Mọ́ṣúdù Fi Sórí Ìgbòkun

Bí tírélà kan bá gba Òṣogbo kọjá, tí tapólì orí ẹrù rẹ̀ kò fẹ́ lẹ̀lẹ̀ nínú atẹ́gùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Mọ́ṣúdù ló rán an. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń wí bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè bá a jiyàn, nítorí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òkè-Baálẹ̀ ni àwọn awakọ̀ ń wá láti Ìkìrun, láti Ẹdẹ, àní láti Iléṣà. Ọkùnrin tín-ínrín ni. Abẹ́rẹ́ ńlá ti sọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ di líle, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò mọ̀ pé iṣẹ́ líle lòun ń ṣe, torí kì í sinmi. Ohun tó fẹ́ràn láti sọ jù lọ ni pé láti ọjọ́ tí òun ti ṣe fírídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá òun, iṣẹ́ òun kan kò padà wá rí.

"Iṣẹ́ mi ò mọ ọ̀nà ilé," á ní. "Tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn."

Nǹkan kejì tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni èènì. Bí àwọn obìnrin Ọjà Ọba ṣe ń bu gàrí díẹ̀ lé orí kọ́ńgò tó ti kún, bẹ́ẹ̀ ni Mọ́ṣúdù ń fi iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ lé iṣẹ́ tí wọ́n gbé wá. Gbé tapólì tó ya níbì kan lọ bá a, á lẹ ibẹ̀, á yẹ etí rẹ̀ wò yíká, á na ibi tó bá ti hun, kò sì ní gba kọ́bọ̀ lé e. Lójú tirẹ̀, ahun ló ń ṣe iṣẹ́ tí kò ní èènì.

Ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ẹnu yìí kò mì: Àsmá'ù ìyàwó rẹ̀, tó ń rán búláòsì àti kaba ní yàrá kejì ṣọ́ọ̀bù náà.

"Aṣọ tó fẹ̀ tó pápá ni mo ń rán," Mọ́ṣúdù á ké sí i láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀. "Ìwọ, aṣọ tí ò tó ìnujú lo ti ń ṣẹ́ etí ẹ̀ láti àárọ̀."

"Lọ́rì ò ní àyà, Bàbá Kàmál, kò sì ní ìdí," Àsmá'ù á dáhùn. "Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ yín fi rọrùn."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń lo ọjọ́ wọn. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n á rò pé ìjà ni, àwọn tó mọ̀ wọ́n á sì fa àga sún mọ́ wọn kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa.

Ìgbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni Bàbá Fáṣínà gbé ìgbòkun dé. Ọmọ Ìwàrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni bàbá yìí, ikùn rẹ̀ yí rogodo, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń dún kó tó yọ sí ojú. Iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n yàrá ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀ ọkọ̀ ni ibùjókòó rẹ̀. Ó dé ìlú òyìnbó lọ́pọ̀ ìgbà láìrí omi tó gbé e débẹ̀, ìyẹn sì ń dùn ún wọra. Bó ṣe fẹ̀yìn tì, ó ra ọkọ̀ onígbòkun àlòkù kan tó ń jẹrà létí ọ̀sà l'Ékòó, ó sọ ọ́ ní Ìbíjọkẹ́, orúkọ ìyá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Ó ha ìdí rẹ̀ títí gbogbo ìkarahun tó lẹ̀ mọ́ ọn fi ré dànù. Ó dí ibi tó ń jò, ó kùn ún, ó pààrọ̀ okùn, ó gbé táńkì omi àti iná sólà sí i. Ojú agbami ló fẹ́ gbà lọ sí Ákírà ní Gánà, kí atẹ́gùn máa tì í, kí òun jókòó sókè, kí ojú òun máa rí ọ̀nà. Ó sì gbọ́dọ̀ gbéra kí òjò àkọ́rọ̀ tó kó ìjì rẹ̀ dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀, àgbà kì í fi ọdún tó ń bọ̀ yangàn.

Ìgbòkun ńlá, èyí tí wọ́n ń ta sára òpó àárín ọkọ̀, ló kù. Ó ti ya, àwọn ojú irin tí okùn ń gbà kọjá lára rẹ̀ sì ti dípẹtà. Àwọn tó ń rán irú rẹ̀ l'Ékòó ní kó padà wá lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Awakọ̀ kan n'Íléṣà ló júwe Mọ́ṣúdù fún un.

"Ibi tó ya àti ojú irin yìí ni kí o bá mi ṣe," Bàbá Fáṣínà wí.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ẹ ti dé ibi tó yẹ."

Mọ́ṣúdù lẹ ibi tó ya, ó pààrọ̀ ojú irin. Ìránṣọ náà dára. Ká ní ó dúró síbẹ̀, mi ò ní rí ìtàn sọ. Ṣùgbọ́n ó tẹ́ ìgbòkun náà sórí símẹ́ńtì iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì rí i pé àárín rẹ̀ ń wú. Ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó wú lọ́hùn-ún. Gbogbo onítapólì ló mọ̀ pé aṣọ tó bá wú láàárín, omi òjò ló máa dá sí i, ẹrù abẹ́ rẹ̀ á sì bàjẹ́. Àánú bàbá náà ṣe é. Ó gbà pé ogbó ló na aṣọ náà kọjá ààlà. Ló bá tú ojú rírán àárín rẹ̀, ó gé gbogbo etí tó tẹ̀ kọ̀rọ̀ dànù, ó tún wọn rán ní gbọọrọ, títí ìgbòkun fi tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní.

Àsmá'ù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. "Ṣé bàbá yẹn ní kí ẹ ṣe èyí?"

"Èènì ni."

"Àṣejù o, Bàbá Kàmál."

Bàbá Fáṣínà gbé ìgbòkun lọ s'Ékòó, ṣùgbọ́n kò pẹ́ púpọ̀ tó fi padà dé tòun tirẹ̀ léjìká. Àwọn awakọ̀ mélòó kan wà ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, Yorùbá gbogbo gbòò ló sọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, inú ti bí i débi tí Ìjẹ̀ṣà fi já wọ ẹnu rẹ̀.

"Mọ́ṣúdù! Uṣẹ́ kí lo ṣe yí?"

Ó ní àwọn ta ìgbòkun, atẹ́gùn dé, ọkọ̀ àwọn ẹlòmíì ń lọ, Ìbíjọkẹ́ sì ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. Àwọn ọlọ́kọ̀ tó wà létí omi rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. "Ikùn ìgbòkun ló ń gba atẹ́gùn dúró kí ọkọ̀ lè lọ síwájú," ó ní. "O gé ikùn rẹ̀ dànù!"

Ojú ti Mọ́ṣúdù débi pé kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. Iṣẹ́ rẹ̀ padà wá, àwọn awakọ̀ sì rí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti ròyìn rẹ̀ dé Ọjà Ọba. Èyí tó tún dùn ún ju ìyẹn lọ ni pé àgbàlagbà tó fẹ́ rí òkun kó tó kú ni òun fẹ́ fi àánú dá dúró.

Bàbá Fáṣínà gbé ìgbòkun sílẹ̀, ó ká sòkòtò sókè, ó sì lóṣòó sí àárín ṣọ́ọ̀bù. Àwọn baba rẹ̀ tó ń ta aṣọ káàkiri kì í jókòó ní ilé oníbàárà tó bá fẹ́ já wọn kulẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń lóṣòó títí wọn á fi rí owó wọn gbà. "Ọmọ Òṣómàáló ni mí," ó wí. "Ìgbà tí ìgbòkun mi bá níkùn ni màá dìde."

Mọ́ṣúdù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi aṣọ kún àárín, ìgbòkun hun jọ bí àpò tí eku jẹ. Ó tú u, ó tún un ṣe, ó burú ju ti ìṣáájú lọ. Nígbà tó kírun Àsárì tán, ó rìn lọ sí ẹnu yàrá kejì, ó dúró. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ wúwo lẹ́nu rẹ̀ ju tapólì tó mumi lọ.

"Àsmá'ù," ó ní, "báwo lèèyàn ṣe ń mú kí aṣọ wú?"

Ẹ̀rín gbọ̀n Àsmá'ù látinú wá, ó gbé e mì. Ó rí ojú ọkọ rẹ̀, kì í ṣe ojú tí èèyàn ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó mú pínnì àti ṣọ́ọ̀kì, ó jáde, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá Fáṣínà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ yá mi ní ikùn yín."

Bàbá náà gbàgbé ìbúra, ó dìde. Àsmá'ù na aṣọ pẹrẹsẹ kan bo ikùn rogodo náà, etí aṣọ sì ń fẹ́ kiri. Ó ká etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi pínnì mú un, aṣọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìrísí ikùn.

"Dáàtì nìyẹn," ó wí fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ má fi nǹkan kan kún àárín. Etí ni ẹ ti máa gbà á wọlé. Bí etí bá fún, àárín á dìde fúnra rẹ̀."

"Ikùn tí ìyàwó mi ń bú nílé rè é o!" Bàbá Fáṣínà kígbe, inú rẹ̀ sì yọ́. Ó ní ìgbòkun kékeré tó ń wà níwájú ọkọ̀ wà nínú mọ́tò òun, ẹnikẹ́ni kò tíì fi èènì kàn án. Àsmá'ù tẹ́ ìyẹn sílẹ̀, ó fi eékún rìn lórí rẹ̀, ó wọn bí wọ́n ṣe gé etí rẹ̀, ó sì fa ṣọ́ọ̀kì sára ti ńlá. Ibi tó bá fà ni Mọ́ṣúdù ń rán. Kò fi ojú abẹ́rẹ́ kan kún un. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ọjọ́ náà sì ni ó yé Mọ́ṣúdù pé ọgbọ́n náà lè máa gbé yàrá kejì.

Wọ́n so ìgbòkun náà mọ́ igi máńgòrò ní pápá ẹ̀yìn ilé. Atẹ́gùn dé, aṣọ náà gbá a mọ́ra, ó sì yọ ikùn gbọ̀ngbọ̀n. Mọ́ṣúdù sáré yí i ká, ó ń fọwọ́ pa á lára, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá Fáṣínà kò gbà àfi kí Mọ́ṣúdù tẹ̀lé òun lọ s'Ékòó. Mọ́ṣúdù dúró létí omi, ó wo Ìbíjọkẹ́ tó fẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀, tó ń la omi lọ tààrà, tó yí, tó sì padà wá. Ó pariwo débi tí ohùn rẹ̀ há. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kejì ni ọkọ̀ náà yóò gbéra lọ sí Ákírà.

Àwọn ọlọ́kọ̀ tó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ níjọ́sí kóra jọ, wọ́n ń fọwọ́ kan ìgbòkun. "Ta ló rán èyí? Tiwa náà ti gbó."

Bàbá Fáṣínà nawọ́ sí Mọ́ṣúdù. Ṣé ẹ rí i, orúkọ tó rò pé ó ti bàjẹ́ l'Óṣogbo ni wọ́n tún gbé wá bá a l'Ékòó yìí, ó ku kó gbà á. Ó lanu. Ó pa á dé. Ó yọ fóònù, ó pe ilé.

"Àsmá'ù, àwọn ọlọ́kọ̀ kan ń béèrè ẹ."

"Èmi kẹ̀? Kí ni mo ṣe?"

"Wọ́n ń wá ẹni tó rán ìgbòkun. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé ìyàwó mi ló mọ̀ ọ́n, pé èmi kàn tẹ ẹ̀rọ ni."

Ó gbọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ dúró lọ́hùn-ún.

"Bàbá Kàmál," Àsmá'ù wí, "ẹ jọ̀ọ́, àwọn oníbàárà mi jókòó síbí. Ẹ jẹ́ kí n gbé yín sí sípíkà, kí ẹ tún un sọ."

Mọ́ṣúdù wo àwọn ọlọ́kọ̀ tó yí i ká, ó wo Bàbá Fáṣínà tó ń fọwọ́ bo ẹnu. Ó gbé fóònù sún mọ́ra, ó sì tún un sọ, ó pariwo rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.