Táyà tí mo rà nítorí Màámi

Màámi bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò mi lónìí, wọ́n lọ wọ tasí.

Nítorí wọn ni mo ṣe ra táyà fífẹ̀ àti ríìmù tuntun o! Ẹ̀rù máa ń bà wọ́n tí mọ́tò bá ń yọ̀ nínú òjò lọ́nà Bingerville.

Bí wọ́n ṣe jókòó sẹ́yìn báyìí, gbogbo kòtò tá a bá kó sí, táyà á ha ara mọ́tò.

"Ṣé èmi ni mo wúwo jù?"

"Rárá o, Màámi! Táyà ló fẹ̀ jù. Pardon, ẹ jókòó."

"Ọmọ mi, jẹ́ n bọ́ọ́lẹ̀, kí n má ba mọ́tò ẹ jẹ́."

Òjò dé. Tèmi ò yọ̀ rárá. Tasí tí Màámi wà nínú ẹ̀, níwájú mi, ló ń yọ̀ kiri.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá, kí ni kí n sọ fún wọn tá a bá délé?