Ẹni Tó Pa Baálé Ilé Nínú Fíìmù Wa

Bí ẹ bá rí ọmọ Ìkòtún kan tó ti lé lógójì ọdún, tó wò mí lójú tó sì yà sí òdìkejì títì, ẹ má bínú sí i. Èmi ni mo pa ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo àdúgbò ló rí i nínú fídíò. Ìyá onílé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní yàrá ti tán, bẹ́ẹ̀ ìlẹ̀kùn yàrá ọ̀hún ṣí sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn rẹ̀. Mo máa ń fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀. Èyí tó kù ni mi ò lè fi ṣẹ̀fẹ̀, ẹ ò sì ní gbọ́ orúkọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu mi.

Ní bí ọdún méjì mẹ́ta lẹ́yìn 1990 ni, nígbà tí kámẹ́rà fídíò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lé eré orí ìtàgé jáde nílé. Ìgàndò ṣì kún fún oko ẹ̀gẹ́ nígbà náà, baba onílẹ̀ kan sì gbà wá láyè kí agbo ilé rẹ̀ jẹ́ abúlé inú eré wa. Ìtàn ọ̀hún kò le: wọ́n bá òkú baálé ilé kan lẹ́bàá kànga rẹ̀ láàárọ̀. Ta ló pa á? Ṣé ìyàwó rẹ̀ ni, àbí àbúrò rẹ̀, àbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jà sí ààlà ilẹ̀?

Èmi ni àbúrò. Tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan láti Ìpàjà ló ṣe ìyàwó. Nítorí pé mo jẹ́ àbúrò ọkọ rẹ̀ nínú eré, ó sọ mí di "ọkọ mi" pátápátá, ì báà jẹ́ níwájú kámẹ́rà, ì báà jẹ́ nídìí ìrẹsì ọ̀sán.

"Ọkọ mi, ẹ bá mi gbé omi yẹn."

"Ìyàwó, ṣé ọkọ ni ẹ ń rán níṣẹ́ báyìí?"

Ọ̀gá wa tó ń darí eré kì í kọ ìtàn sílẹ̀. Inú rẹ̀ ló wà. Láràárọ̀, á fà wá sẹ́yìn igi máńgòrò lọ́kọ̀ọ̀kan, á sọ ìwọ̀nba tó kàn ọ́ lọ́jọ́ yẹn, èyí tó kù di ọwọ́ ẹnu rẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa baálé ilé, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ojú yín á jẹ́wọ́ ṣáájú ẹnu." Baba onílẹ̀ pàápàá, bó bá ti kírun Àsùbáà tán, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀, á máa bi wá pé, "Ṣé ẹ ti rí apànìyàn yẹn mú? Ẹ tètè wá a o, inú ilé mi ló wà."

Tíṣà nìkan ni kì í bá wa rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ ẹ ti kú. Mọ́tò ló pa á ní Abúlé Ẹ̀gbá nígbà tí ìgbéyàwó ku oṣù méjì. Mọ́tò o, ṣùgbọ́n ẹnu ayé kò gba mọ́tò gbọ́. Ọkùnrin mìíràn ti wá dé wàyí, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ìyá rẹ̀ sì ti sọ ọ́ lójú ẹbí pé òun ń retí fíìmù yẹn, pé bí wọ́n bá fi lè pe ọmọbìnrin náà ní apọkọ, kódà nínú eré, kò ní wọ ilé òun. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ̀yin ò mọ àwọn tó ń lé ọ̀dàlẹ̀ inú eré kiri ọjà ni?

"Ọkọ mi," ó wí lọ́jọ́ kan, "ẹ bá mi gbàdúrà kó má jẹ́ èmi."

"Kí ló máa jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ ò lè pa adìyẹ."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, jàre."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tó ku ọjọ́ kan péré ká parí, ọ̀gá fà mí sẹ́yìn máńgòrò. Ó ń làágùn. Ó ní àyà ń dun òun, pé ó yẹ kí ẹnì kan mọ̀ ọ́n bí òun ò bá lè wá ní Mọ́ńdè.

"Ìyàwó ni," ó wí. "Ẹ̀bá kànga ló ti máa jẹ́wọ́. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ lọ sinmi. Ẹ ò lè kú kí ẹ tó mú apànìyàn."

Àwàdà ni mo ṣe. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, ó kú nílé rẹ̀ ní Dọ́pẹ̀mú. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí a sin ín, a kóra jọ sí yàrá ayàwòrán tó ń bá wa di kámẹ́rà mú ní Ẹ̀gbẹ́dá, a fẹ́ wo téèpù ká lè mọ ibi tí iṣẹ́ dé. Kò sẹ́ni tó rántí pé ohùn ọ̀gá wà nínú rẹ̀. Ẹ ò lè rí i, ẹ̀yìn kámẹ́rà ló máa ń wà, ṣùgbọ́n bí ìran kọ̀ọ̀kan bá parí, á kígbe pé, "Ó tó!" Ọkùnrin tí a ti fi iyẹ̀pẹ̀ bò ń wúkọ́ nínú yàrá. Ó ń sọ fún mi pé, "Ìwọ, má rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n rẹ ló kú." Ó tó. Ó tó. Tíṣà dìde, ó jáde síta.

Ayàwòrán pa tẹlifíṣọ̀n. "Ta ló wá pa á o? Ṣé ó sọ fún ẹnì kan nínú yín?"

Tíṣà ti padà dé ẹnu ọ̀nà, ó di ara ìlẹ̀kùn mú. Mo kàn gbọ́ ohùn ara mi ni: "Ó sọ fún mi. Èmi ni."

Bẹ́ẹ̀ ni a padà sí Ìgàndò. Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá kànga, mo jẹ́wọ́. Mo ní ìlara ló tì mí, mo sunkún, mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi kó dárí jì mí. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Kámẹ́rà ṣì ń yí. Mo tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé gbogbo wa ń dúró de ẹni tó máa sọ pé ó tó. Iṣẹ́ ọ̀gá ni, a ò sì rántí fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Ayàwòrán ń dúró. Àwọn tó kù ń dúró. Mo jẹ́wọ́ títí téèpù fi tán fúnra rẹ̀, nígbà tó sì fi máa tán, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n inú eré ni mo ń bẹ̀ mọ́. Ọ̀gá ni. Mo ti gba ìtàn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí kò lè bá mi jà. Baba onílẹ̀ ní kí wọ́n da omi sí ibi tí mo kúnlẹ̀ sí.

Tíṣà wọlé ọkọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ gan-an ló ń fi fíìmù ọ̀hún han àlejò.

Ọdún bíi mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo pàdé Tíṣà nídìí òkìrìkà ní Ìkòtún, òun àti ọmọ méjì. Èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rí mi, ó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

"Ọkọ mi! Ẹ má dá wọn lóhùn, fíìmù yẹn ni."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ti ronú pìwà dà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà já lójijì. Ó ní kí àwọn ọmọ lọ wá ìbọ̀sẹ̀ nínú òkìtì aṣọ tó wà lápá kejì.

"Ó sọ fún èmi náà," ó wí.

"Ta ni?"

"Ọ̀gá. Jímọ̀ yẹn, nígbà tí ẹ kúrò lẹ́yìn máńgòrò. Ó ní kí n lọ múra ìjẹ́wọ́ mi sílẹ̀."

"Ẹ ti wá mọ̀ pé irọ́ ni mo pa láti ọjọ́ yìí, ẹ ò dúpẹ́!"

Kò wò mí. "Mo gbààwẹ̀ ní Sátidé. Mi ò jẹ, mi ò mu. Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọkùnrin yẹn dé ibẹ̀ ní Mọ́ńdè. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, ọkọ mi. Mi ò sọ pé kí mọ́tò rẹ̀ bàjẹ́ lọ́nà. Mi ò sọ pé kí òjò rọ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ìyàwó. Dókítà ló sọ ọ́."

"Ti àkọ́kọ́ náà, mọ́tò ni."

Mo wá àwàdà títí, mi ò rí. Ti inú eré, mo ti gbà á lọ́rùn rẹ̀, gbogbo Alimọ́ṣọ́ jẹ́rìí. Ti èyí, kò sí bí mo ṣe fẹ́ sọ pé èmi ni. Àwọn ọmọ ti ń bọ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n gba ọ̀nà tó jìnnà sí mi.

Mo ní, "Ẹ bá mi kí ọkọ yín."

Ó ní òun á kí i.