Ọkọ̀ Ni àbí Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n?

Fún-un-pinpin ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ mi. Kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnu ara rẹ̀ ló fi fa orúkọ náà. Kò sí nọ́ọ̀tì kan tó ń dè tí kò ní bá sọ̀rọ̀ pé, "Mo máa fún ọ pinpin lónìí." Àwọn ènìyàn gbọ́, wọ́n sì fi jẹ ẹ́ lóyè. Jíìpù nìkan ló ń tún ṣe, àwọn jíìpù gíga tó ń gun òkè, tó ń la ẹrẹ̀ kọjá. Èmi aránṣọ ni. Fèrèsé yàrá tí mo ti ń ránṣọ dojú kọ ibi iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, nítorí náà kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ páànù rẹ̀ tí ojú mi kò tó. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ má rò pé àhesọ ni.

Ènìyàn rere ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ orí rẹ̀ le ju irin tó ń tún ṣe lọ. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kú tipẹ́, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ṣì ni òfin nínú ilé wa. Lọ́jọ́ kan, abẹ́ ọkọ̀ ni àbúrò ọ̀gá náà wà, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, táyà wà nílẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ fò síwájú tó sì gorí rẹ̀ kọjá. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti orí bọ abẹ́ ọkọ̀, àfi tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, tí jáàkì ti gbé e, tí igi ti ràn án lọ́wọ́, tí táyà sì rọ̀ dirodiro. Ọkọ mi kò rú òfin yìí rí. Èmi náà fẹ́ràn òfin yẹn, torí pé n kò fẹ́ di opó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kó wa sí wàhálà. Agbẹ̀bí ni Ẹ̀gbọ́n. Ọkọ mi ṣì kéré nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀yìn obìnrin yìí ló wà títí tó fi lè rìn dáadáa. Ilé ìwòsàn fún un ní jíìpù kan, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wà á gun òkè lọ sí àwọn abúlé tí ọkọ̀ kékeré kò lè dé. Àwọn tó gbẹ̀bí wọn níbẹ̀ ti ń bímọ, ó sì tún ti ń gbẹ̀bí àwọn ọmọ náà. "Ìyàwó mi" ló ń pè mí, bó bá sì ti pè mí bẹ́ẹ̀, kí n mọ̀ pé iṣẹ́ ló fẹ́ rán mi nìyẹn.

Ó gbé jíìpù náà wá ní òwúrọ̀ kan, ó ní sítíárìn rẹ̀ ti dẹ̀.

"Tí mo bá yí i sọ́tùn-ún, kò ní kọ́kọ́ dá mi lóhùn," ó ní. "Tó bá máa wá dáhùn, á dáhùn ju bí mo ṣe bi í lọ. Tí mo bá gun òkúta báyìí, ńṣe ló máa ń fẹ́ já ara ẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀gbun ni ọ̀nà yẹn gbà, o mọ̀."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Ẹ lọ jókòó."

Ó gbé iwájú ọkọ̀ sórí jáàkì, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó fi igi sí i. Ó di táyà mú, ó mì í lókè, ó mì í nísàlẹ̀, ó mì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó bá oríkèé kan lára ọ̀pá sítíárìn tó ti jẹ, ó pààrọ̀ rẹ̀. Gbogbo nọ́ọ̀tì tí ọwọ́ rẹ̀ tó ló fún pinpin. Ó wa ọkọ̀ náà yí àdúgbò po lórí ọ̀dà tó ń dán, ó padà dé, ó ní sítíárìn náà ti le bí ẹ̀yìn ahun. Ẹ̀gbọ́n súre fún un, ó sì lọ.

Kò pẹ́ tó padà. Ó ní ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi tún gbé e sókè, kò rí nǹkan kan. Ó pààrọ̀ oríkèé kejì, bí ẹni tó ń fún aláìsàn lóògùn tí kò mọ àrùn tó ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n lọ, ó tún padà. Lọ́tẹ̀ yìí, Fún-un-pinpin tú ohun tó ṣeé tú, ó wò ó, ó dè é padà. Ó sún mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń fi àkísà nu ọwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe ọkọ̀ yìí mọ́."

Ẹ̀gbọ́n wo ọkọ̀, ó wo àbúrò rẹ̀ lójú. "Ó dáa. Tí kì í bá ṣe ọkọ̀, a jẹ́ pé ọwọ́ mi nìyẹn."

Mo wà lójú fèrèsé, mò ń dúró kí ó sọ pé rárá o, ọwọ́ yín kọ́. Ńṣe ló ń nu ọwọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Inú bí mi débi pé mo rán apá aṣọ kan mọ́ ọrùn rẹ̀, mo sì ní láti tú u.

Ọ̀rọ̀ wá pèsì jẹ nínú ilé wa. Ọkọ mi kò mọ èwo ni ṣíṣe. Ó ń jẹun, ó ń di ẹsẹ̀ tábìlì mú, ó ń mì í. Ó di àga mú, ó mì í. Ọjọ́ kan ni mo bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó ń yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ojú rẹ̀ ti lọ jìnnà. Mo ní kó má fọwọ́ kan èyí tó ń fún wa lóúnjẹ.

"Ó lè jẹ́ àgbà ló dé," ó sọ fún mi. "Àgbà kì í ṣe ẹ̀gàn."

"Ẹ ti rí i kí ọwọ́ wọn gbọ̀n rí?"

"Rárá."

"Ẹ ti rí i kí wọ́n da omi sílẹ̀?"

"Rárá."

"Kí lẹ wá ń sọ?"

"Mi ò mọ nǹkan tí mò ń sọ."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ó sọ yẹn. Ìdààmú náà sì ran èmi pẹ̀lú. Tí Ẹ̀gbọ́n bá wá kí wa, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò. Bó bá gbé ife, mo máa rò pé ó gbọ̀n. Bó bá gbé e kalẹ̀, mo máa rò pé kò gbọ̀n, ojú mi ló ń tàn mí. Ohun tó dá mi lójú ò ju ẹyọ kan lọ: bó bá jẹ́ ọwọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n ò ní gun òkè mọ́, bí kò bá sì gun òkè mọ́, n kò mọ ohun tó kù tó máa fi ayé rẹ̀ ṣe. Kò bímọ. Àwọn ará òkè yẹn ni ọmọ rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí jíìpù náà wọ àgbàlá. Ẹ̀gbọ́n yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó gbé e sábẹ́ páànù. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé ọkọ mi lọ́wọ́.

"Dírẹ́bà tuntun máa wá gbé e láàárọ̀ ọ̀la. Mo ti sọ fún wọn ní ilé ìwòsàn pé mi ò gun òkè mọ́. Bí iwájú ò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn á ṣeé padà sí."

Ó wọlé tọ̀ mí wá. "Ìyàwó mi, jẹ́ kí n sinmi díẹ̀." Ó jókòó sórí àga láàárín àwọn aṣọ tí mo gé sílẹ̀, ó fi orí ti ògiri. Kò pẹ́ tó fi sùn lọ. Mo jáde sí ọkọ mi pẹ̀lú ìjà lẹ́nu.

"Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn? Ẹ ò tiẹ̀ bẹ̀ wọ́n?"

"Kí ni kí n fi bẹ̀ wọ́n? Ọkọ̀ yẹn ò ní nǹkan kan."

"Ọkọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ ju ìdí kí táyà ẹ̀ tó yí, òun ni ò ní nǹkan kan?"

Àwàdà ni mo fi ṣe, pẹ̀lú ìbínú. Ó yíjú sí mi. "Kí lo wí?"

"Tí wọ́n bá ń yí sítíárìn ẹ̀ níbi tó dúró sí, ara ọkọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tó bá yẹ̀ tán ni táyà máa wá yí. Mo máa ń rí i láti ojú fèrèsé. Àbí kì í ṣe bí jíìpù ṣe ń ṣe nìyẹn?"

"O ti ń rí i láti ọjọ́ yìí, o ò sì sọ."

"Ta ló bi mí? Ẹ ti bi mí ní nǹkan kan nípa ọkọ̀ rí?"

Ó lọ gbé jáàkì, ó gbé iwájú ọkọ̀ sókè bí ìṣe rẹ̀, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó mì í, ó jáde. Kò rí nǹkan kan. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó dúró, ó ń wo jáàkì náà bí ẹni pé ó já a kulẹ̀.

"Tó bá wà lókè, kò sí ẹrù lára ẹ̀," ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀. "Kò sí nǹkan tó ń tì í. Ilẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́."

Mo mọ ẹni tó ń rò. Kò dárúkọ ọ̀gá rẹ̀, èmi náà kò dárúkọ rẹ̀. Ó kó òkúta ńláńlá sí iwájú àti ẹ̀yìn gbogbo táyà, ó fa búréèkì ọwọ́ títí kò fi ṣeé fà mọ́, ó wá ní kí n wọlé sídìí sítíárìn. N kò jókòó síbẹ̀ rí láyé mi.

"Yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún, kó o yí i díẹ̀ sósì. Má fi ẹsẹ̀ kan nǹkan kan nílẹ̀ o."

"Bàbá, tí mo bá pa yín ńkọ́?"

"O ò ní pa mí. Ṣáà máa yí i."

Ó tan ọkọ̀, ó dojú sókè, ó sì ti orí bọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní fi bò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Mo ká ẹsẹ̀ tèmi méjèèjì sórí àga bí ọmọdé tó ń sá fún eku, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí sítíárìn náà, sọ́tùn-ún, sósì, sọ́tùn-ún, sósì. Mo pè é, kò dáhùn. Mo tún pè é. Ẹsẹ̀ yẹn kò mì. Mo pa ẹ́ńjìnnì náà, mo fò sílẹ̀.

Ó yọ orí jáde. "Ta ní kó o pa á?"

"Ẹ ò dá mi lóhùn."

"Mò ń wo nǹkan ni."

"Kí lẹ rí?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò gba ojú mi gbọ́. Wá bá mi wò ó."

Kò jẹ́ kí n wọ abẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n yọjú wò ó. Òun wá bọ́ sídìí sítíárìn, ó ń yí i. Irin kan wà tó dábùú abẹ́ ọkọ̀ náà. Òun ló di ara ọkọ̀ mọ́ irin tí táyà iwájú méjèèjì so mọ́, kí ọ̀kan má baà máa rìn kúrò lórí èkejì. Ihò tí bóòtù gbà kọjá ní orí irin náà ti jẹ, ó ti fẹ̀. Bí ọkọ mi ṣe ń yí sítíárìn, orí irin náà ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ihò rẹ̀ bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Ìpẹtà ló ti mú nọ́ọ̀tì rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá fi sípánà kàn án ló máa ń le gírígírí, á ní ó ti fún pinpin, á kọjá lọ.

"Ó ń mì," mo ní. "Bàbá, ó ń mì gan-an."

Ó bọ́ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ ni," ó ní. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó tún bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ọkọ̀ ni."

A jọ wọlé. Ẹ̀gbọ́n ti jí, ó jókòó, ó ń wò wá. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ sórí àwọn ègé aṣọ nílẹ̀, tòun ti gíríìsì.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ ni."

"Kí ló ṣe ọkọ̀?"

"Ọwọ́ yín kọ́. Mo ti rí i. Ọkọ̀ ni."

Mo rò pé ó máa yọ̀. Kò yọ̀. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Ẹ̀gbọ́n."

"Bó ṣe dá ọ lójú níjọ́sí náà nìyẹn."

"Èmi náà fi ojú ara mi rí i, mà," mo ní.

Ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí itan, ó ń wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ tó wá sọ, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, kò sí ìbínú nínú rẹ̀.

"Láti ọjọ́ tó o ti sọ pé kò sí nǹkan tó ń ṣe ọkọ̀, mi ò tíì fọwọ́ gba ọmọ kankan. Tó bá ti ku díẹ̀ kó wáyé, mo máa ń sún sẹ́yìn, ọmọbìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ á gbà á. Mo ní mi ò fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi."

Ọkọ mi ò dìde nílẹ̀ níbi tó wà.

"Ọmọ mélòó, Ẹ̀gbọ́n?"

"Mi ò kà wọ́n," ó ní. "Igbe wọn ni mo kàn ń gbọ́."