Òpè Wo Ló Dí Ògiri Òkúta Yìí?

Bí ẹ bá béèrè Làsísì bíríkìlà ní Agége, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó júwe ilé ẹ̀ fún yín. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ó sì ti di ṣíbí ìkọ́lé mú fún ọdún mẹ́tàdínlógójì. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ń rín in. Níbi tí bíríkìlà mìíràn bá ti da páànù kan, Làsísì á da méjì. Wọ́n ní bó bá kọ́ ilé adìyẹ, ṣọ́jà ló máa wó o.

"Ilé kì í ṣe mọ́ínmọ́ín," lòun náà máa ń fi fèsì. "Ó gbọ́dọ̀ le!"

Ní Tọ́sìdeè, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Mọ́mì Tíṣà ránṣẹ́ pè é sí Ìkẹjà GRA. Ará Èkìtì ni ìyá náà, ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́. Ògiri òkúta ló yí ọgbà ilé ẹ̀ ká, bàbá ẹ̀ ló sì mọ ọ́n. Ṣùgbọ́n òkúta apá iwájú ti ń ṣí wálẹ̀ wẹ́wẹ́. Bọ́sẹ̀dé, àkọ́bí ìyá náà tó ń gbé Àbújá, ti ní kí wọ́n wó gbogbo ẹ̀, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ òmíràn.

"Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde," ni Mọ́mì wí. "Ó ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Bí ojú ẹ̀ ò bá rí ohun tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, katapílà á dé ní Túsìdeè tó tẹ̀lé e. Ògiri bàbá mi sì nìyẹn."

Làsísì fi ojú wo ògiri náà lókè wo ó nílẹ̀, ó pòṣé.

"Mọ́mì, òpè wo ló dí àárín òkúta yìí? Ó ti jí sìmẹ́ńtì yín kó lọ. Yanrìn lásán ló pò!"

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó! Irú àwọn wọ̀nyí ló ń ba orúkọ wa jẹ́."

Mọ́mì ki ọwọ́ bọ àpò. Ó mú ìṣó kan fún un. "Họ ọ́ kí n rí i."

Làsísì họ ọ́. Ìṣó tẹ̀, sìmẹ́ńtì ò mira. Ó sún sí ẹ̀gbẹ́, ibẹ̀ náà le bí irin. Ló bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá géètì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ewédò kúrò, bóyá á rí ibi tó rọ̀. Ohun tó rí ni lẹ́tà gàdàgbà tí ẹnì kan ti fi ìṣó kọ nígbà tí sìmẹ́ńtì ṣì tutù, bí àwọn bíríkìlà ti máa ń ṣe tí wọ́n bá parí iṣẹ́: LASISI 2011.

Ó yára fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Nínú gbogbo ògiri tó ti dí, kò rántí èyí.

"Nígbà yẹn Adó ni mo wà, kọngílá ló mú ọ wá," ni Mọ́mì wí. "Orúkọ yẹn náà ni mo fi wá ọ rí. Òpè yẹn dà?"

"Mọ́mì, ẹ̀yin náà ò ṣàánú èèyàn."

"Tíṣà ni mí. Dìde, ká lọ sẹ́yìn ilé."

Lẹ́yìn ilé, níbi tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn rí, ohun tí bàbá Mọ́mì fi dí àárín òkúta funfun díẹ̀, ìṣó sì ń họ ọ́ bí ẹni ń họ kùlíkùlì. Ṣùgbọ́n òkúta ibẹ̀ pé pérépéré.

"Èwo ló yẹ kó le jù, òkúta àbí ohun tó wà láàárín ẹ̀?" ni Mọ́mì bi í.

Làsísì fi ọwọ́ pa òkúta ibẹ̀. Tí omi òjò bá wọ ògiri, ó ní láti wá ọ̀nà jáde. Ibi tó rọ̀ ló ń gbà. Sìmẹ́ńtì tiẹ̀ ti dí ọ̀nà pa, omi wá ń jókòó sínú òkúta, ó ń jẹ ẹ́.

"Òkúta ni, Mọ́mì," ló fi ohùn kékeré wí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ebi ààwẹ̀ tó ń gbà lọ.

Lọ́jọ́ kejì ó fi agolo mílíìkì wọn nǹkan, ó mọ oríṣi mẹ́ta sínú abọ́. Èkínní, sìmẹ́ńtì kan, yanrìn mẹ́ta. Èkejì, sìmẹ́ńtì kan, yanrìn mẹ́sàn-án, àti láìmù méjì, ìyẹ̀fun funfun tí àwọn ọlọ́sìn ẹja máa ń dà sí adágún, tí bàbá Mọ́mì náà lò. Ẹ̀kẹta, láìmù kan, yanrìn mẹ́ta, kò sí sìmẹ́ńtì níbẹ̀ rárá. Nígbà tó fẹ́ da yanrìn kẹsàn-án, ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń wò ó.

Shukurat ìyàwó ẹ̀ bá a lójú fèrèsé níbi tó tò wọ́n sí.

"Bàbá Muhydeen, ṣé àkàrà tí a máa fi ṣínu nìyí?"

"Jọ̀ọ́, má fọwọ́ kàn án."

"Mẹ́ta péré? Tèmi ńkọ́?"

Lọ́jọ́ keje ó da omi lé wọn, ó sì họ wọ́n. Omi ṣàn dànù lórí èkínní. Ẹ̀kẹta fa omi mu dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń rún lọ́wọ́. Ó máa ń pẹ́ kó tó gan, òjò ò sì ní dúró dè é. Èkejì fa omi díẹ̀díẹ̀, ìṣó sì họ ọ́ pẹ̀lú agbára díẹ̀. Òun ló mú. Ó padà sí ilé Mọ́mì, ó fi òòlù kékeré yọ sìmẹ́ńtì àtijọ́ lára ògiri jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá péré, ó fi èkejì dí i, ó sì fi àpò tútù bò ó.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ Àjíǹde. Nígbà tí Bọ́sẹ̀dé dé, Làsísì ti ń dúró lẹ́bàá ògiri. Lápá 2011, sìmẹ́ńtì ti gbẹ, òkúta ṣì tutù rinrin. Lápá tuntun, àárín òkúta ló tutù, òkúta ti ń gbẹ.

Bọ́sẹ̀dé fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò họ ọ́. "Ó mà rọ̀, ọ̀gá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń da sìmẹ́ńtì jù?"

"Ó yẹ kó rọ̀, Màdáámù. Òun ló yẹ kó jìyà, torí òun ló ṣeé tún dí. Ta ló máa bí òkúta mìíràn fún wa?"

Bọ́sẹ̀dé wo ìyá ẹ̀, ó wo ògiri, ó sì yọ fóònù. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má gbé katapílà yẹn wá mọ́."

Lọ́jọ́ tí Làsísì dí apá iwájú tán, ó mú ìṣó láti kọ orúkọ ẹ̀. Mọ́mì wúkọ́ lẹ́yìn ẹ̀.

"Mọ́mì, àṣà iṣẹ́ wa ni."

"Mo gbọ́. Àmọ́ tó o bá tún pàdé òpè yẹn níbí lọ́dún mẹ́tàlá òní ńkọ́?"

Làsísì rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá géètì. Orúkọ kọ́ ló kọ. Ohun tó kọ ni: sìmẹ́ńtì 1, láìmù 2, yanrìn 9.